Ojú Ni Mo Fi Kọ́ Igi Gbígbẹ́

Nígbà tí bàbá mi fà mí lé ọ̀gá mi lọ́wọ́ láti kọ́ṣẹ́ agbẹ́gilére, iṣẹ́ asọgi-dènìyàn, ohun tí mo rò lọ́kàn ni pé wọn yóò mú mi jókòó, wọn yóò sì máa là á yé mi bí olùkọ́ ti í ṣe níwájú pátákó. Ṣùgbọ́n oṣù kan lọ, òmíràn dé, ọ̀gá mi kò sọ ju 'Bu omi wá,' 'Gbá ẹ̀rúnrún igi yìí,' 'Pọ́n ọ̀bẹ yẹn,' wọ́n á sì tún yí padà sí igi wọn bí ẹni pé àwọn nìkan ni ó wà lábẹ́ àtíbàbà náà.

Ìpele mẹ́rin ni àwọn baba wa pín iṣẹ́ yìí sí. Ọ̀nà lílé ni ti àkọ́kọ́, níbi tí àáké ti ń la ìtì igi sí orí, àyà àti ẹsẹ̀. Àlétúnlé ni ó tẹ̀lé e, tí ojú àti etí fi ń yọ. Lẹ́yìn náà ni dídán, kí a tó wá fi fínfín bu irun, ilà àti ìlẹ̀kẹ̀ sí ère lára. Dídán ni ọ̀gá mi kọ́kọ́ fi lé mi lọ́wọ́. Mo kà á sí ìyà nígbà náà, àfi nígbà tí ó yá tí mo rí i pé ẹni tí ń dán igi kò lè ṣàì fi ìka tẹ̀lé gbogbo ojú àáké tí ọ̀gá fi sílẹ̀, ibi tí ó ti wọlé jinlẹ̀ àti ibi tí ó ti rọra kọjá, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ ìrìn ọwọ́ ọ̀gá bí ẹsẹ̀ àgbẹ̀ ti í mọ ọ̀nà oko lóru.

Àwọn àgbà ní ẹní bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Lọ́jọ́ tí ẹni tí ó ṣáájú mi lẹ́nu ẹ̀kọ́ fi ìwàǹwára sọ àáké lu ọrùn ère kan, tí orí sì já bọ́ sílẹ̀, ọ̀gá mi kò bú u, wọn kò sì nà án. Wọ́n ṣa orí náà nílẹ̀, wọ́n wò ó títí, wọ́n gbé ìtì mìíràn síwájú, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀. Àwa tí a wà níbẹ̀ kò gbàgbé bí ọrùn ère ti í gbẹgẹ́ tó. A sì tún rí bí àgbà ti í ṣe nígbà tí iṣẹ́ bá bàjẹ́, èyí tí mo gbà pé ó ju ti ọrùn lọ.

Kì í ṣe èmi nìkan ni ó kọ́ṣẹ́ báyìí. Nígbà tí Fadá Kevin Carroll ń ṣètò iṣẹ́ ọnà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, láti 1947, Bándélé ọmọ Arówóògún ará Ọ̀sì ń gbẹ́gi níbẹ̀, abẹ́ rẹ̀ sì ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, lọ kọ́ṣẹ́ sí, bẹ́ẹ̀ ìdílé agbẹ́gilére ni òun alára ti wá. Èyí wú mi lórí púpọ̀, pé ẹni tí ó ti fi ojú kó iṣẹ́ nílé baba rẹ̀ tún gbà láti jókòó ti ẹlòmíràn. Ìtàn Bíbélì ni wọ́n sì ń gbẹ́ níbẹ̀, síbẹ̀ àwọn amòye tí ó wá kí Jésù dà bí ọba Yorùbá, nítorí ohun tí ojú ti kó fún ọwọ́ nìyẹn.

Ọ̀gá mi ti já bọ́ lórí ọ̀pẹ nígbà èwe wọn. Èjìká òsì wọn ga ju ọ̀tún lọ díẹ̀, wọn a sì máa tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí wọ́n bá ń fín ojú ère. Èmi kò gun ọ̀pẹ rí. Ní ọdún tí mo gba òmìnira, mo gbé ère ìbejì lọ fún ìyá àgbà kan ní ìlú kejì. Kí n tó dọ̀bálẹ̀ kí n kí wọn, wọ́n ní, 'Ọmọ iṣẹ́ bàbá eléjìká yẹn ni ọ́, àbí? Mo ti mọ̀ ọ́n láti ojú ọ̀nà.'

Ìgbà náà ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ohun tí mo kó láìmọ̀: bí mo ti í kẹ́yìn sí oòrùn, bí mo ti í dákẹ́ díẹ̀ kí n tó dá iye owó, bí n kò ti í fi ère tí kò tíì lójú sílẹ̀ ní ìdúró mọ́jú, àfi kí n tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí n fi aṣọ bò ó. Láti ọjọ́ náà, bí inú bá ń bí mi, n kì í fọwọ́ kan àáké lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi.

Ó pé ọdún méjìlá tí ọ̀gá mi ti filẹ̀ ṣaṣọ bora. Èyí tí ó kéré jù nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Lánàá, mo fún un ní ègé igi kan àti ọ̀bẹ. Ó jókòó, ó kẹ́yìn sí oòrùn, ó gbé èjìká òsì sókè díẹ̀, ó sì tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan.