Magical 8bit Plug: Ó Lawọ́ Jù

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Mo dé láti iṣẹ́ alẹ́, ẹ̀rọ wọ́ọ̀dù ṣì ń ké bíp-bíp létí mi, mo tún wá lọ ṣí Magical 8bit Plug. YMCK, ẹgbẹ́ olórin kan ní Jàpáànù, ló ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tó bá ti gbá géèmù Famicom rí á dá ohùn rẹ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Mi ò rí àbùkù lára ohùn yẹn. Ọ̀rọ̀ tèmi ni pé ó lawọ́ jù. Famicom tó jáde lọ́dún 1983 kò ní ju ohùn márùn-ún lọ: pulse méjì, triangle kan, noise kan, àti ọ̀kan fún ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Triangle tó sábà máa ń ru orin nísàlẹ̀ yẹn, wọn ò lè dín ariwo rẹ̀ kù; kó ké tàbí kó dákẹ́ ni. Bí ìró ìbọn bá wọlé, orin á yọ̀ǹda ohùn kan fún un. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sáré ta nóòtì mẹ́ta tẹ̀ léra, kí etí lè gbà pé wọ́n jọ dún ni.

Plugin yìí á jẹ́ kẹ́ ẹ tẹ nóòtì rẹpẹtẹ pọ̀. Orin àkọ́kọ́ tí mo fi ṣe dà bí ọbẹ̀ tí wọ́n da gbogbo èròjà ilé sí. Ìgbà tí mo fipá dín in kù sí tíráàkì mẹ́rin, nóòtì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, ló tó di orin. Ọmọ mi gbọ́ ọ láti kíṣíìnì, ó ní géèmù wo ni mò ń gbá.