Ibi Tí Ooru Gíá Ti Ń Wá

Gíá ọ́tò kì í ṣàdédé gbóná. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú iṣẹ́ mẹkáníìkì nìyẹn. Yálà gíá ń dá ooru sílẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, tàbí ọ̀nà tó yẹ kí ooru gbà jáde ti dí. Ẹni tó bá ní sùúrù lè mọ èwo ni, kó tó tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo.

Ní Onitsha níbí, iṣẹ́ ni pííkọ́ọ̀pù wà fún. Òun ló ń fa mísà kọnkéré lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Nkpor, òun ló ń fa jẹnẹrétọ̀ ńlá tó ní táyà lẹ́sẹ̀, òun náà ló ń wọ́ mọ́tò tó kú kúrò lójú ọ̀nà ní Upper Iweka. Tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú wọn, Tacoma, Tundra, F-150, ọ́tò ló sì pọ̀ jù. Ẹjọ́ tí àwọn onímọ́tò ń rò kì í yàtọ̀: “Ọ̀gá, bí mo bá wà á lófìfo, kò sí wàhálà. Bí mo bá ti so ẹrù mọ́ ọn, gíá á gbóná, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀.”

Ìbéèrè ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ṣé inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Head Bridge ló ti ń ṣe é, àbí lórí eré? Ṣé ìgbà tó bá ń gun òkè tó lọ sí Nine Mile ni? Ìdáhùn wọ̀nyí ju irinṣẹ́ lọ lọ́wọ́ mi, nítorí pé bí mọ́tò bá ń rọra lọ, ọ́ìlì ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì kọjá sínú gíá. Nínú kọnfátọ̀, ìyẹn ohun tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíá, abẹ̀bẹ̀ kan ń ti ọ́ìlì, èkejì ń gbà á. Bí ẹrù bá wúwo tí ìrìn sì lọ́ra, abẹ̀bẹ̀ kìíní á máa yára ju èkejì lọ dáadáa, ìyàtọ̀ yẹn ló ń di ooru. Bí mọ́tò bá ti wọ eré, kílọ́ọ̀ṣì kan nínú kọnfátọ̀ á de àwọn méjèèjì pọ̀, ooru á sì rọlẹ̀.

Ọ̀nà tí mo ń gbà dán kílọ́ọ̀ṣì yìí wò ń dùn mọ́ mi títí dòní. Mo fẹ́ràn afárá kejì lórí Odò Ọya fún un, èyí tí wọ́n ṣí ní 2023, nítorí ojú rẹ̀ tẹ́jú. Bí mo bá ti dé eré 80, tí kò sì sí mọ́tò lẹ́yìn mi, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi kò ní kúrò lórí ibi tí a ti ń tẹná, màá wá fi ti òsì kan búréèkì fẹ́ẹ́rẹ́. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá ti dè, ọwọ́ àago tó ń ka ìyípo ẹ́ńjìnnì á fò sókè díẹ̀, á sì padà sílẹ̀ bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò. Bí kò bá mira, a jẹ́ pé kílọ́ọ̀ṣì kò dè rárá, ọ́ìlì ló ń dá ru gbogbo ẹrù yẹn.

Bí ó bá dè, mo kọjú sí ọ̀nà àbájáde ooru. Ọ́ìlì gíá tuntun pupa bíi zobo; èyí tó ti jóná á dúdú, òórùn rẹ̀ á sì sọ fún ọ kí o tó rí i. Bí ó bá funfun bíi pé wọ́n da mílíìkì sí i, omi rádíétọ̀ ti wọ inú rẹ̀, torí pé inú rádíétọ̀ ni ọ̀pọ̀ pííkọ́ọ̀pù ti ń tu ọ́ìlì gíá lára. Màá tú ọ́ọ̀sì tó ń dá ọ́ìlì padà, màá fi ẹnu rẹ̀ sínú ìgò, ọmọṣẹ́ á sì tan ẹ́ńjìnnì. Lítà kan kò gbọdọ̀ ju ìlàjì ìṣẹ́jú lọ. Kíá la ń pa á, kí gíá má bàa gbẹ. Bí ọ́ìlì bá ń kán tó-tó-tó, ìdí ọ̀ràn ti yọjú.

Àárín kọ́ńdẹ́ńsà AC àti rádíétọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò. Iwájú lè mọ́ tónítóní, kí eruku ọyẹ́ àti yanrìn sì ti di ògiri sáàárín, tí atẹ́gùn fáànù kò lè kọjá mọ́.

Ó ń dùn mí bí wọ́n bá fo gbogbo èyí. Ọjà Mgbuka Obosi kò jìnnà, èèyàn lè ra gíá tòkunbọ̀ níbẹ̀ láàárọ̀, kí wọ́n sì ti gbé e wọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n bí kúlà tó ń tu ọ́ìlì lára bá ṣì dí, tí èérún irin gíá tó kú sì wà nínú ọ́ọ̀sì, inú ooru àtijọ́ ni wọ́n gbé gíá tuntun sí. Owó ẹni tó ń fi pííkọ́ọ̀pù jẹun ló jóná yẹn.

Lẹ́yìn àtúnṣe, mo máa ń ní kí onímọ́tò so ẹrù rẹ̀ padà. Mọ́tò òfìfo kò lè jẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni. Màá ní kó pa overdrive, ìyẹn gíá tó ga jù lọ, kí gíá má bàa máa ṣíra wọlé-jáde lórí òkè, màá so ẹ̀rọ tó ń ka ìgbóná ọ́ìlì mọ́ ọn, a ó sì jọ jáde. Ìwọ̀n 80 sí 95 Celsius ló ń tẹ́ mi lọ́rùn. Bó bá kọjá 120, a ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, iṣẹ́ kò tíì tán nìyẹn. Ìgbà tí a bá gun òkè dé Nine Mile tòun ti ẹrù, tí òǹkà kò sì kọjá 100, ni mo tó ń gba owó iṣẹ́.