Ìpàdé Tí Kì Í Ṣe Ti Òfin: Ìwé Kan Lórí Owó Euro

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè gba odidi kíláàsì lọ́wọ́ mi. Inú àdéhùn Lisbon, tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ń lò láti 2009, ni mo ti rí ti òní. Àfikún kan níbẹ̀ ní kí mínísítà àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná Euro máa pàdé láìjẹ́ pé ìjókòó òfin ni. Bí ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́, àbí? Ṣùgbọ́n ìpàdé yìí, Eurogroup, ni wọ́n ti ń fẹnu kò lórí ẹni tí wọ́n máa yá lówó àti ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe kó tó rí i gbà.

Òun ni ìwé "Pour un traité de démocratisation de l'Europe" (2017) dojú kọ. Stéphanie Hennette, Thomas Piketty, Guillaume Sacriste àti Antoine Vauchez ló jọ kọ ọ́. Wọ́n fẹ́ ilé aṣòfin fún Euro, tí ọmọ ilé kò ní ju 400 lọ: ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún láti ilé aṣòfin àwọn orílẹ̀-èdè, ìyókù láti ti Yúróòpù.

Wọ́n mọ ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà 2015, àwọn mínísítà yòókù jókòó láìsí Yanis Varoufakis ti Gíríìsì. Ó béèrè òfin tó gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní èsì tí wọ́n fún òun ni pé ẹgbẹ́ náà kò sí nínú òfin, nítorí náà kò sí ìlànà tó dè é. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, wọ́n sì fá ti Gíríìsì. Nígbà tí àwọn tó pàdánù owó báńkì ní Cyprus lọ́dún 2013 gbé ẹjọ́ dìde, ilé ẹjọ́ Yúróòpù dájọ́ ní 2020 pé èèyàn ò lè pe Eurogroup lẹ́jọ́ gba owó gbà-máà-bínú.

Ibi tí ìwé náà kò ti tẹ́ mi lọ́rùn rèé. Ní oṣù Keje 2015, ó lé ní 61 nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò Gíríìsì tó kọ ohun tí àwọn olówó ń bèèrè. Lóṣù Kẹjọ, ilé aṣòfin Jámánì dìbò gbà á pé kí wọ́n yá Gíríìsì lówó pẹ̀lú àṣẹ líle. Ìjọba àwa-ara-wa ni méjèèjì o! Bí a bá sì fi iye èèyàn pín àga, Gíríìsì á tún pàdánù. Ìwé náà kò tú kókó yìí fún mi.

Síbẹ̀, ẹni tó bá dìbò ní gbangba lórúkọ. A lè bi í léèrè. Ọ̀rọ̀ náà sì kàn wá nílé: CFA tí wọ́n ń ná ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ so mọ́ Euro, 655.957 sí ẹyọ kan, wọn ò sì ní ní àga kankan nínú 400 yẹn.

Ó ti wà ní Gẹ̀ẹ́sì láti 2019. Ẹ wá a kà, pàápàá àbá àdéhùn inú rẹ̀, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe yan ọ̀rọ̀.