Orin 500 ti Rolling Stone: Òṣùwọ̀n Ta Ni Wọ́n Fi Wọ̀n Ọ́n?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tiwa. Nígbà tí ìwé àtìgbàdégbà Rolling Stone ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé àtòkọ orin 500 tó dára jù lọ láti ìgbà tí aláyé ti dáyé jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, inú tiwa náà dùn. A ò bìkítà ta ló gba ipò kìíní. Orúkọ ọmọ ilé wa la ń wá, bí ìgbà tí ìyá bá lọ wo èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀ lára pátákó. A rí Fẹlá ní ipò 266 pẹ̀lú "Water No Get Enemy". A tún sọ̀ kalẹ̀ síwájú sí i, a rí Wizkid àti Tems ní ipò 402 pẹ̀lú "Essence". La bá pariwo. A ya fọ́tò ojú ìwé náà, a fi ránṣẹ́ síra wa, a ní wọ́n ti mọ̀ wá.

Ìgbà tí ariwo rọlẹ̀ ni ọ̀kan nínú wa bèèrè pé, "Sunny ńkọ́?"

A wá Sunny Adé títí, a ò rí i. Haruna Ìṣọ̀lá? Rárá o. I. K. Dairo? Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Àtìgbà náà la ti ń bá àtòkọ yìí jà nínú ilé, ó sì ti tó ká gbé ìjà náà síta.

Ẹ gbọ́ ná, kì í ṣe pé a fẹ́ kí wọ́n gbé Fẹlá láti 266 lọ sí 26. Ẹni tó bá ń bẹ̀bẹ̀ fún ipò ti gbà pé òṣùwọ̀n náà tọ́. Òṣùwọ̀n yẹn gan-an la ní ẹjọ́ pẹ̀lú.

Ká tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, ẹ jẹ́ ká fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn. Lọ́dún 2004 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀, èèyàn 172 ló dìbò. "Like a Rolling Stone" tí Bob Dylan kọ lọ́dún 1965 ló gba ipò kìíní, orin 23 sì jẹ́ ti àwọn Beatles nìkan. (Ilé ẹni làá tí jẹ èkúté onídodo, àbí?) Nígbà tó di 2021, wọ́n da ti tẹ́lẹ̀ nù, wọ́n pe èèyàn tó lé ní 250, wọ́n ní kí kálukú mú orin 50 wá. "Respect" ti Aretha Franklin bọ́ síwájú, Dylan já wá sí ìkẹrin. "Fight the Power" ti Public Enemy, tó ti wà lẹ́yìn 300 nínú ti àkọ́kọ́, fò sókè di ìkejì. Sam Cooke ló ṣe ìkẹta.

A fẹ́ràn àyípadà yìí. "Respect" ò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, àmọ́ ẹ wo iṣẹ́ tó ṣe. Otis Redding ló kọ ọ́, òun náà ló kọ́kọ́ kọ ọ́ lórin lọ́dún 1965: ọkùnrin tó ti ibi iṣẹ́ dé, tó ń fẹ́ kí ìyàwó ilé bọ̀wọ̀ fún òun. Lọ́dún 1967 Aretha gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i padà bí ẹni yí aṣọ sódì, obìnrin ló wá ń béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ báyìí. Orin kan náà, ẹnu míì. Bí ẹ bá ní òun ni kìíní, a ò ní bá yín jà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ. Orin tó dára jù lọ "láti ìgbà ìwáṣẹ̀" lọ́dún 2004 ti di ìkẹrin lẹ́yìn ọdún 17. Ṣé Dylan lọ bà á jẹ́ ni? Rárá. Orin náà wà níbi tó wà. Àwọn tí wọ́n pè wá dìbò ló yàtọ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe orin tó dára jù láyé ni wọ́n ń kà fún wa, orin tí àwọn tó jókòó nínú yàrá yẹn gbọ́ ni. Ìyẹn ò burú. Kí wọ́n ṣáà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sára rẹ̀.

Èyí tó dùn wá jù nìyí o: kí ni wọ́n ń pè ní orin?

Orin Dylan yẹn gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ní Amẹ́ríkà ìgbà náà, ìyẹn pọ̀ débi pé ẹ̀rù ba ilé iṣẹ́ tó ń bá a gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde, wọ́n ní ta ni rédíò tó máa lù ú? Wọ́n tiẹ̀ là á sí méjì fún àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò kan, ìdajì lójú kìíní, ìdajì lójú kejì. Ìṣẹ́jú mẹ́fà péré! Ẹ gbé ìyẹn tọ Sunny tàbí Ebenezer Obey lọ láàárín ọdún 1970 sí 1985, wọ́n máa ní ẹ kò tíì kí alága tán.

Nínú jùjú ìgbà náà, ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù ni odindi. Ìṣẹ́jú 18, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìsí pé ó dúró níbì kan. Gìtá á wọlé, gángan á fèsì, ọ̀gá á gbàdúrà díẹ̀, á kí ọlọ́jọ́ ìbí, á pa òwe, ègbè á gbè é, ìlù á gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu gbogbo wọn. Nígbà tẹ́ ẹ bá fi máa mọ̀, orin ti yí padà, ẹ ò sì lè tọ́ka sí ibi tó ti yí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde àríyá náà ni wọ́n ṣe gbé e sórí àwo. Ṣé orin kan nìyẹn ni, àbí mẹ́fà? Ẹ bi àwọn bàbá wa, wọ́n á ní ìbéèrè wo nìyẹn.

Ìtàn kan wà tó fi hàn bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe le tó. Lẹ́yìn tí Bob Marley kú lọ́dún 1981, ilé iṣẹ́ Island Records ń wá ẹlòmíì tí wọ́n lè gbé fún gbogbo ayé, wọ́n sì mú Sunny. Lọ́dún 1982, òun àti Martin Meissonnier, ará Faransé tó bá wọn ṣètò iṣẹ́ náà, gbé "Juju Music" jáde. Orin méje ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀ àti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Wọ́n ti gé jùjú wẹ́wẹ́ kó lè ṣeé gbé mì fún àlejò. Ká sọ òótọ́, àwo náà dùn, "Ja Funmi" ṣì ń mú orí wa wú. Lọ́dún 1984 wọ́n tún ṣe "Aura", Stevie Wonder gan-an fọn fèrè ẹnu sí i. Lẹ́yìn náà Island fi Sunny sílẹ̀, torí ọjà ò tà tó bí wọ́n ṣe rò.

Ọdún 39 lẹ́yìn "Juju Music" ni àtòkọ yìí dé. Wọ́n gé ẹran náà wẹ́wẹ́ tán, wọ́n kó o síwájú wọn, síbẹ̀ wọn ò fọwọ́ kan ọ̀kan ṣoṣo nínú 500.

Ti fújì tún le ju ìyẹn lọ. Ẹ lọ bá ẹni tó fẹ́ràn Àyìndé Barrister dénú, kẹ́ ẹ ní kó kọ àkọlé orin rẹ̀ mẹ́wàá sílẹ̀. Ó máa ní, "Èyí tó ti ń sọ ìrìn àjò ẹ̀ sí Amẹ́ríkà yẹn." "Èyí tó ti kí àwọn ará Mushin." Ó lè kọ ọ́ fún yín látòkè délẹ̀ láìṣìnà, kó má sì mọ àkọlé kankan. Kì í ṣe àìmọ̀kan. Bí orin náà ṣe ń gbé nínú orí rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n wá ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ àkọlé 50 wá. Kí ló fẹ́ kọ?

Ó dáa. Ẹnìkan nínú wa, tó máa ń ta ko gbogbo wa, ní àwíjàre lásán là ń ṣe. Ó ní I. K. Dairo ńkọ́? Àwọn orin Dairo tó gbòde láyé àtijọ́ ò gùn. Wọ́n kúrú bíi ti Otis Redding. Ó ní àkọlé, ó ní ègbè tí ọmọdé lè kọ, ó ní dùrù alápò tó fi yí jùjú padà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá lọ́dún 1963. "Salome" ò ní kí ẹnikẹ́ni jókòó fún ìṣẹ́jú 18. Kí ló dé tí kò sí níbẹ̀?

A gbà fún un. Ọ̀rọ̀ gígùn nìkan kọ́. Ṣé èdè ni? Bẹ́ẹ̀ náà kọ́, torí "Gasolina" ti Daddy Yankee wà ní ipò 50, èdè Spanish ló sì fi kọ ọ́. Àmọ́ Spanish wà nínú ilé, nínú mọ́tò, níbi àríyá káàkiri ìlú Amẹ́ríkà. Wọ́n ti jó sí "Gasolina" kí wọ́n tó dìbò fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni "Essence" ṣe débẹ̀. Oṣù kẹwàá 2020 ni àwo "Made in Lagos" jáde. Orin náà ò tíì pé ọdún kan láyé nígbà tí wọ́n kà á mọ́ orin gbogbo ìgbà, torí pé òun ni wọ́n ń gbọ́ nínú ooru ọdún yẹn lọ́hùn-ún. A fẹ́ràn "Essence" o, ẹ má ṣì wá gbọ́. Ṣùgbọ́n orin tí kò pé ọdún kan wà níbẹ̀, "Oroki Social Club" tí Haruna Ìṣọ̀lá gbé jáde lọ́dún 1971, tí àwọn ìyá wa ṣì ń mi orí sí, kò sí níbẹ̀. Ẹ bá wa wo ọ̀rọ̀ "gbogbo ìgbà" yẹn dáadáa.

Kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Àwa náà ti ń gba òṣùwọ̀n yẹn, ohun tó ń já wa láyà nìyẹn. Fóònù wa ti kọ́ wa pé orin jẹ́ nǹkan ìṣẹ́jú mẹ́ta tó ní àkọlé. "Water No Get Enemy" wá láti inú àwo "Expensive Shit" ti ọdún 1975, tó jẹ́ orin méjì péré, ọ̀kan lójú kan. Ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Fèrè àti dùrù á ti ṣe tiwọn, Tony Allen á ti na ìlù débi tó wù ú, kí Fẹlá tó la ẹnu. Mélòó nínú wa ló ń dúró dè é? Ká má purọ́ fúnra wa. Orí YouTube, àwọn kan ti ń gé ojú rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ sí pélébé pélébé, wọ́n ń fún un ní orúkọ tó wù wọ́n. Èyí tí wọn ò sì fún lórúkọ, kò sẹ́ni tó lè wá a rí.

Ọ̀rẹ́ wa kan pàdánù bàbá rẹ̀ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Orin kan wà tí bàbá náà máa ń gbé sí i ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi. Àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ ti bá òjò lọ nígbà tí wọ́n kó kúrò nílé àkọ́kọ́, ó wá ku ohùn orin náà nínú orí ọmọ. Ó kọ ọ́ sínú fóònù, fóònù ò mọ̀ ọ́n. Ó bi àwọn àbúrò bàbá rẹ̀, wọ́n rántí orin, wọn ò rántí àkọlé. Níkẹyìn ó bá bàgbà kan tó ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù àlòkù pàdé.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Orin kan ni mò ń wá, mi ò morúkọ ẹ̀."

"Ta ló béèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹ? Kọ ọ́ ká gbọ́."

Ó kọ ọ́. Bàbá náà dijú. "Tó bá fẹ́ bọ́ síbẹ̀ yẹn, gìtá ló ń ṣáájú ni, àbí ìlù?"

"Ìlù ni, sà."

Bàbá náà yẹ àwo bíi mẹ́rin wò, ó fa ọ̀kan yọ, ti Obey, ó gbé abẹ́rẹ́ lé àárín ojú kejì. Òun náà ni. Ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kẹsàn-án, kò gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, orin míì sì ti gbà á lẹ́nu. Kò sí orúkọ rẹ̀ lára páálí àwo náà. Ọ̀rẹ́ wa ní òun ò mọ ìgbà tí òun jókòó sílẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá a pinnu láti ṣe àtòkọ tiwa, mẹ́wàá péré. Alẹ́ méjì la fi jà. Àwọn kan ní ká máa ka ojú àwo, àwọn kan ní àkọlé ni, àwọn ará Dairo ní àwọn ò ní gbà kí ojú àwo kan gba ààyè orin mẹ́fà. Nígbà tó kan ọ̀rẹ́ wa yìí, ohun tó kọ ni: Obey, ojú kejì, láti ìṣẹ́jú kẹsàn-án. A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ipò tó máa wà la ò tíì fẹnu kò lé lórí, àwọn ará Dairo ṣì ń bínú.