Ìlàjà àti Ìdáríjì nínú Ìwé tí Pọ́ọ̀lù Kọ sí Fílémónì: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́

1. Ìfáárà

Nínú gbogbo ìwé Pọ́ọ̀lù tí ó wà nínú Májẹ̀mú Titun, èyí tí ó kọ sí Fílémónì ni ó kúrú jù lọ. Orí kan ṣoṣo ni, ẹsẹ 25 péré. Síbẹ̀, bí oníwàásù bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìdáríjì láàárín àwọn onígbàgbọ́, ìwé yìí kì í jìnnà sí i lọ́wọ́. Ìtàn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ẹrú kan tí ń jẹ́ Onésímù ja olówó rẹ̀ lólè, ó sá lọ, ó bá Pọ́ọ̀lù pàdé nínú ẹ̀wọ̀n, ó di onígbàgbọ́, Pọ́ọ̀lù sì dá a padà pé kí olówó rẹ̀ foríjì í. Ìtàn náà gún régé, ó sì yé tọmọdé tàgbà. Àléébù kan ṣoṣo tí ó ní ni pé ìwé náà fúnra rẹ̀ kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti tún ìwé náà kà bí iṣẹ́ ọnà èdè, kí a lè mọ irú ìlàjà tí Pọ́ọ̀lù ń bẹ̀bẹ̀ fún, ẹni tí ó ń bẹ̀, àti ẹni tí ó gbà láti san owó rẹ̀. Ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà báni bẹ̀bẹ̀ ni a fi ṣe ìwọ̀n. Kì í ṣe pé Yorùbá ni Pọ́ọ̀lù. Ohun tí ó fa èyí ni pé àwùjọ tí ó bọ̀wọ̀ fún ẹ̀bẹ̀ àgbà lè rí ohun tí ó fara pamọ́ fún ọ̀pọ̀ alálàyé mìíràn.

2. Ohun tí ìwé náà sọ àti ohun tí kò sọ

Kò sí ibì kan nínú ìwé náà tí Pọ́ọ̀lù ti sọ pé Onésímù jalè. Ohun tí ó wà ní ẹsẹ 18 ni ‘bí’: bí ó bá ṣẹ olówó rẹ̀, tàbí bí ó bá jẹ ẹ́ ní gbèsè. Gbogbo ẹni tí ó ti jókòó sídìí ẹjọ́ rí mọ̀ pé ‘bí ó bá ṣẹ̀’ yàtọ̀ sí ‘ó ṣẹ̀’. Pọ́ọ̀lù kò pe Onésímù ní ìsáǹsá pẹ̀lú. Ohun tí ó sọ ní ẹsẹ 15 ni pé ó yà kúrò lọ́dọ̀ Fílémónì fún ìgbà díẹ̀, ó sì fi ‘bóyá’ ṣíwájú ìdí tí ó fún un.

Èyí tí ó yani lẹ́nu jù lọ ni pé ọ̀rọ̀ ìdáríjì kò sí nínú ìwé náà. Pọ́ọ̀lù kò ní kí Fílémónì dárí ohunkóhun jì. Kò sọ pé Onésímù ronú pìwà dà, kò sọ pé ó sunkún, kò sì fi gbólóhùn ìtọrọ àforíjì kan sí i lẹ́nu. Ohun tí ó bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí Fílémónì gba Onésímù bí ẹni pé òun Pọ́ọ̀lù ni ó wọlé (ẹsẹ 17).

Bí a bá fi ìwé yìí wé ìwé mìíràn tí ó fara jọ ọ́, ìyàtọ̀ náà yóò hàn kedere. Pliny, ọmọ Róòmù tí ó gbáyé nígbà ọba Trajan (98–117), kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Sabinianus nítorí ẹnì kan tí Sabinianus ti sọ di òmìnira rí, tí ó wá ṣẹ̀ ẹ́. Pliny ròyìn bí ọkùnrin náà ti wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ òun, bí ó ti sunkún, àti bí òun ti bá a wí kíkankíkan. Ó ní kí Sabinianus wo ti pé ọmọdé ni, kí ó wo omijé rẹ̀, kí ó má sì fi ìbínú pa ara rẹ̀ lára. Ẹ̀bẹ̀ náà wọlé, Pliny sì kọ ìwé kejì láti fi dúpẹ́. Ìwé Pliny dára, ó sì fi inú rere hàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, olúkúlùkù padà sí ipò tí ó wà tẹ́lẹ̀ ni: ọ̀gá ṣì jẹ́ ọ̀gá, ẹni tí ó wólẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Àánú ni Pliny tọrọ. Ohun tí Pọ́ọ̀lù tọrọ ju àánú lọ.

3. Ìsádi

Ní 1985, ọ̀mọ̀wé ọmọ Jámánì kan, Peter Lampe, pe àkíyèsí sí òfin Róòmù kan tí ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn amòfin ìgbà náà, tí Proculus jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, gbà pé ẹrú tí ó kúrò nílé nítorí àtilọ bá ọ̀rẹ́ olówó rẹ̀ kí ó lè bá a bẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ìsáǹsá. Lójú Lampe, bí ọ̀rọ̀ Onésímù ti rí nìyí: kò sá lọ, ó sá di ẹni tí olówó rẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún ni. Kì í ṣe gbogbo ọ̀mọ̀wé ni ó gbà fún un, nítorí ìwé náà kò sọ ohun tí ó gbé Onésímù dé ọ̀dọ̀ Pọ́ọ̀lù.

Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ọmọ tí ó ṣẹ bàbá rẹ̀ kì í sá wọ igbó. Ilé àgbà àdúgbò ni ó ń sá sí. Àgbà náà yóò fún un lóúnjẹ, yóò bá a wí, yóò sì mú un padà fúnra rẹ̀. Bí ó bá ti dé ẹnu ọ̀nà, bàbá ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kúrò ní ti òun àti ọmọ nìkan. Èdè Yorùbá tilẹ̀ ya ‘sá lọ’ sọ́tọ̀ kúrò lára ‘sá di’: èkíní ń tú àjọṣe ká, èkejì ń wá ẹni tí yóò tún un ṣe.

4. Ọgbọ́n ẹ̀bẹ̀ Pọ́ọ̀lù

Ètò ẹ̀bẹ̀ náà yẹ fún àkíyèsí. Yorùbá ní, yinni yinni kẹ́ni ó ṣe mìíràn. Láti ẹsẹ 4 dé 7, ìyìn ni: ìfẹ́ Fílémónì, ìgbàgbọ́ rẹ̀, bí ó ti tu ọkàn àwọn ènìyàn mímọ́ lára. Lẹ́yìn èyí ni Pọ́ọ̀lù sọ pé òun ní àṣẹ láti pàṣẹ, ṣùgbọ́n nítorí ìfẹ́, òun yóò kúkú bẹ̀bẹ̀, òun arúgbó, òun ẹlẹ́wọ̀n (ẹsẹ 8–9). Àgbà tí ó bá ní òun kò pàṣẹ, ẹ̀bẹ̀ ni òun ń bẹ̀, ti sọ ohun tí ó wúwo ju àṣẹ lọ. Àṣẹ ṣe é jà níyàn. Ta ni í kọ ẹ̀bẹ̀ arúgbó tí ẹ̀wọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Orúkọ Onésímù kò jáde títí di ẹsẹ 10, lẹ́yìn tí Pọ́ọ̀lù ti pè é ní ọmọ òun. Ní èdè Gíríìkì, ìtumọ̀ orúkọ náà ni ẹni tí ó wúlò, Pọ́ọ̀lù sì fi ìtumọ̀ yìí ṣeré: ẹni tí kò wúlò tẹ́lẹ̀ ti wá wúlò fún àwọn méjèèjì (ẹsẹ 11). Orúkọ tí ó wọ́pọ̀ láàárín ẹrú ni, orúkọ tí ó ń sọ iṣẹ́ tí olówó ń retí. Pọ́ọ̀lù gba orúkọ náà, ó sì sọ ọ́ di oríkì.

Ní ẹsẹ 19, ó ní kí a má tilẹ̀ sọ ti pé Fílémónì jẹ òun ní gbèsè ara rẹ̀. Àìsọ ni ó fi sọ ọ́. Ní ẹsẹ 22, ó ní kí Fílémónì pèsè yàrá sílẹ̀ de òun: àlejò tí ń bọ̀ yóò wá fojú ara rẹ̀ rí i. Kì í sì í ṣe Fílémónì nìkan ni a kọ ọ́ sí. Áfíà wà níbẹ̀, Ákípù wà níbẹ̀, ìjọ tí ń pé nínú ilé náà sì wà níbẹ̀ (ẹsẹ 2). Gbogbo ìjọ ni yóò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà, gbogbo wọn ni yóò sì máa wo ojú baálé.

Ìbéèrè kan dìde níhìn-ín. Bí a bá ti dí gbogbo ọ̀nà mọ́ ènìyàn báyìí, ṣé tọkàntọkàn ni yóò fi ṣe ohun tí ó ṣe? Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ mọ ìṣòro náà, nítorí ó sọ ní ẹsẹ 14 pé òun kò fẹ́ kí oore Fílémónì jẹ́ ti ipá. Àwọn alálàyé kan rí àgàbàgebè nínú èyí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi wọ́n léèrè: ta ni ó lágbára nínú ọ̀rọ̀ yìí? Òfin wà lẹ́yìn olówó ẹrú. Ẹrú kò ní ilé ẹjọ́ tí yóò lọ. Bí a kò bá fi ojú ìjọ àti ẹ̀bẹ̀ àgbà dí ẹni tí ó lágbára lọ́wọ́, kò sí ohun mìíràn tí yóò dí i lọ́wọ́.

5. Onígbọ̀wọ́

Níbi tí ìwé yìí ti ta gbogbo ìwé ẹ̀bẹ̀ yọ ni ẹsẹ 18 àti 19. Pọ́ọ̀lù ní kí a ka gbèsè sí òun lọ́rùn, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun yóò san án. Ẹlẹ́wọ̀n ni ẹni tí ń sọ̀rọ̀ yìí. Nínú ètò gbèsè Yorùbá, onígbọ̀wọ́ kì í ṣe ẹni tí ń fi ẹnu lásán tuni nínú. Bí onígbèsè kò bá lè san án, òun ni olówó yóò wá bá. Nítorí náà, Pọ́ọ̀lù kò ní kí Fílémónì gbàgbé àdánù rẹ̀, kò sì ní kí Onésímù ru ẹrù tí kò lè rù. Onílàjà ni ó bọ́ sí abẹ́ ẹrù náà.

Èyí mú kí a tún ọ̀rọ̀ ‘ìlàjà’ fúnra rẹ̀ yẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ tí àwọn olùtumọ̀ Bíbélì Yorùbá, tí a parí ní 1884, lò fún ohun tí Pọ́ọ̀lù ń wàásù. Là àti ìjà ni ó di ìlàjà: kí a ya àwọn tí ń jà kúrò lára ara wọn. Ọ̀rọ̀ rere ni, ṣùgbọ́n ìjà nìkan ni ó mẹ́nu kàn, kò sọ ohun tí ó kù lẹ́yìn ìjà. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó dúró fún ní ìyípadà nínú: nǹkan kúrò ní ipò kan, ó bọ́ sí òmíràn. A lè la ìjà ẹrú àti olówó, kí ẹrú sì wà ní ẹrú. Ẹsẹ 16 ni ó ń béèrè ohun tí ìlàjà kò dárúkọ: kí ẹni tí ó padà má ṣe jẹ́ ẹrú mọ́, kí ó di arákùnrin, nípa ti ara àti nípa ti Olúwa. Bí ó bá jẹ́ ti Olúwa nìkan ni, a lè fi í mọ sí ọjọ́ ìsinmi. ‘Nípa ti ara’ ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọrùn.

6. Àbùkù ìwé náà àti ìlò tí a lò ó

Ìwé náà ní àbùkù tirẹ̀. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, òṣìkà ènìyàn ni, òǹkàwé kò sì gbọ́ ohùn Onésímù rárá. Pọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ fún un, ó ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bi í bí ó bá fẹ́ padà. Èkejì ni pé Pọ́ọ̀lù kò là á mọ́lẹ̀ pé kí a fún un ní òmìnira. Ó ní Fílémónì yóò ṣe ju ohun tí òun sọ lọ (ẹsẹ 21), ó sì dákẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni àwọn olówó ẹrú Amẹ́ríkà wọlé sí, tí wọ́n fi ń sọ pé Pọ́ọ̀lù dá ẹrú padà fún olówó rẹ̀. Ní 1833, ní ìpínlẹ̀ Georgia, oníwàásù kan tí ń jẹ́ Charles Colcock Jones fi ìwé yìí bá àwọn ẹrú wí pé kí wọ́n má ṣe sá lọ. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ròyìn pé ìdajì ìjọ dìde, wọ́n jáde, àwọn kan sì ní kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ nínú Bíbélì. Àwọn tí ó jáde náà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ìwé tí a kà fún wọn kì í ṣe ìhìn rere.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilẹ̀ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Samuel Ajayi Crowther, tí ó ṣíwájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì, ti jẹ́ ẹrú rí: a kó o ní Òṣogùn ní 1821, a sì tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ kí a tó gbà á sílẹ̀ ní 1822. Síbẹ̀, nínú ìjọ tí ń ka Bíbélì ní Abẹ́òkúta, àwọn onígbàgbọ́ kan ní ẹrú nílé. Nígbà tí James Johnson di alábòójútó níbẹ̀ ní 1877, tí ó takú pé onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ ní ẹrú, àwọn ọmọ ìjọ kan dojú kọ ọ́, a sì pè é padà sí Èkó ní 1880. Arákùnrin nípa ti Olúwa kò ṣòro fún wọn. Nípa ti ara ni ó di ìjà.

7. Ìgúnlẹ̀

Ìwé sí Fílémónì kọ́ni ní ohun tí ìlò rẹ̀ lórí àga ìwàásù sábà máa ń bò mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó lágbára ni Pọ́ọ̀lù kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí. Kò sí ìwé kankan tí ó kọ sí Onésímù pé kí ó foríjì olówó rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ lónìí, ẹni tí a ṣẹ̀ tí kò sì ní alátìlẹ́yìn ni a ń yí ká: aya tí a lù, ọmọ iṣẹ́ tí a kò sanwó rẹ̀, opó tí ẹbí gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ni a ń sọ fún pé kí wọ́n jẹ́ kí ó tán, nítorí Kristi. Ní 1985, àwọn onígbàgbọ́ Gúúsù Áfíríkà tí wọ́n kọ ìwé tí a mọ̀ sí Kairos Document bá ìjọ tiwọn wí lórí ohun kan náà, pé ìlàjà tí a ń wàásù rẹ̀ láìsí òdodo kì í ṣe ti Kristi.

Yorùbá ní, bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ìwé yìí fi kún un pé ẹni tí ó bá fẹ́ là á gbọdọ̀ mọ ẹni tí yóò san gbèsè, kí ó sì ṣe tán láti jẹ́ ẹni náà. Ohun tí Fílémónì ṣe lẹ́yìn tí ó ka ìwé náà kò sí nínú Bíbélì. Pé ìwé náà wà títí di òní lè jẹ́ àmì pé kò fà á ya.