Mọ́sálásí Ńlá Àjàṣẹ́: Ohun Tí Ojú Ògiri Sọ, Ohun Tí Kò Sọ

Àlejò tó bá kọ́kọ́ rí Mọ́sálásí Ńlá Àjàṣẹ́ á rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ilé gogoro méjì ló wà níwájú rẹ̀, ọnà aláràbarà sì kún ojú ògiri rẹ̀. Àwọn Àgùdà onímàle ló kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ní àwòṣe àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Bràsílì. Àmì ìrẹ́pọ̀ ẹ̀sìn ni a sábà máa ń pè é. Lójú tèmi, ìyìn yẹn kò tó iṣẹ́ náà.

Ní Bahia, wọ́n ń ri àwọn ẹrú bọmi tipátipá. Ìkọ̀kọ̀ ni àwọn onímàle ti ń kírun. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, wọ́n dìde ní Salvador. Ìjọba pa nínú wọn, ó na àwọn kan, ó sì lé ọ̀pọ̀ padà sí etíkun wa. Nítorí náà, ojú ògiri yìí kì í ṣe àfarawé lásán. Ìrísí ilé tí wọ́n fi ipá mú àwọn baba wọn kúnlẹ̀ sí ni àwọn ọmọ gbà, tí wọ́n sì yí padà sí ìhà tí ọkàn wọn yàn. Ó tún bá ahọ́n wa wí: ọ̀pọ̀ nínú wa ń pe ẹlẹ́sìn Kátólíìkì ní Àgùdà, bí ẹni pé Àgùdà kò lè jẹ́ onímàle.

Síbẹ̀, iṣẹ́ náà ní àbùkù kan: ìrántí àwọn tó dé nìkan ló wà lára rẹ̀. Kí ó tó dé orí ilẹ̀, àwọn Yorùbá onímàle ti ń kírun ní Àjàṣẹ́, lábẹ́ àwọn ọba tó ń bọ vodun. Kò sí ibi tí ògiri ti dárúkọ àwọn onílé tó gba àlejò. Ẹwà rẹ̀ kò sì pa ìjà: ní ọdún 1923, awuyewuye lórí ipò ìmáàmù dàpọ̀ mọ́ ìkùnsínú lórí owó-orí, ìjọba Faransé sì fi ọwọ́ líle dá a dúró.

Àwa olùkọ́ tí a wà ní Lagbé, tí Àjàṣẹ́ kò jìnnà sí wa, ẹ má jẹ́ kí a sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ilé yìí ni àlàáfíà. Ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n pé: ta ló sá fún ipá, ta ló yàgò fún un, ta ni a kò sì kọ orúkọ rẹ̀?