Ẹ̀rù àti Àkókò nínú Sinimá Kẹta Harry Potter

Sinimá mẹ́jọ ni wọ́n ṣe láti inú ìwé ìtàn àròsọ J. K. Rowling lórí Harry Potter láàárín ọdún 2001 sí 2011. Èrò wa nínú àyẹ̀wò yìí ni pé ẹ̀kẹta, Harry Potter and the Prisoner of Azkaban, tí Alfonso Cuarón, ọmọ ilẹ̀ Mẹ́síkò, darí ní ọdún 2004, ta àwọn yòókù yọ. Kí ni ẹ̀rí wa?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìfìwàwẹ̀dá. Nínú sinimá méjì àkọ́kọ́, tí Chris Columbus darí, Voldemort, ní ìrísí kan tàbí òmíràn, ni ọ̀tá tí Harry ń bá jà. Nínú ẹ̀kẹta, Voldemort kò yọjú rárá. Àwọn Dementor, iwin aláṣọ dúdú tí í fa ayọ̀ kúrò lọ́kàn ẹ̀dá, ló gba ipò rẹ̀. Bí wọ́n bá sún mọ́ Harry, igbe obìnrin kan ni ó ń gbọ́ létí. Ẹ̀rù fúnra rẹ̀ ni ó di ọ̀tá.

Èkejì ni àhunpọ̀ ìtàn. Òkò kan ṣàdédé wọ ilé Hagrid, ó fọ́ ìkòkò; a kò mọ ẹni tí ó sọ ọ́. Nígbà tí Harry àti Hermione fi idán padà sẹ́yìn ní wákàtí mẹ́ta ni a tó rí i pé Hermione gan-an ni. Olùdarí kò fẹnu sọ pé ìtàn àkókò ni èyí; ó gbé agogo ńlá kan sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, ó sì ń fi igi kan ṣoṣo, tí ewé rẹ̀ ń rẹ̀, tí yìnyín ń bò, ka oṣù fún wa.

Etí adágún omi ni ọ̀nà méjèèjì ti pàdé. Harry gbà pé bàbá òun tí ó ti kú ni ó gba òun lọ́wọ́ àwọn Dementor. Nígbà tí ó padà dé ibẹ̀, ó dúró, ó ń retí bàbá. Bàbá kò wá. Òun fúnra rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ gbé ọ̀pá sókè. Ẹni tí ń retí olùgbàlà bá ara rẹ̀ nípò olùgbàlà. A kò rí irú rẹ̀ nínú méje yòókù.

Iṣẹ́ yìí ní àléébù. Ìwé sọ àwọn tí ó ya àwòrán-ilẹ̀ idán tí ó wà lọ́wọ́ Harry. Sinimá kò sọ ọ́. Ẹni tí kò ka ìwé kò ní mọ̀ pé bàbá Harry wà lára wọn. Àdánù ni èyí. Ṣùgbọ́n bí títẹ̀lé ìwé bá jẹ́ òṣùwọ̀n, Columbus ni ì bá gba ipò kìíní.

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún àwa olùkọ́ àti olùdánwò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kàn tún ìtàn sọ kò tíì ṣe lámèyítọ́. Kí a bi í pé: iṣẹ́ wo ni òkò yẹn ń ṣe nínú ìtàn?